Ta Ló Sọ Àpò Atẹ́gùn Kalẹ̀?

"Ẹnjiníà, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Ìnspẹ́kítọ̀ Kòkúmọ́ wí, ó sì ń gbá àyà ara rẹ̀ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé olówó. "Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí n máa ṣọ́ pápákọ̀ òfurufú yìí, aláǹgbá kan kì í gba ibí kọjá kó má kí mi. Ẹni tó máa jí abẹ́rẹ́ níwájú èmi Kòkúmọ́, ìyá rẹ̀ ò tíì lóyún rẹ̀."

Ó kẹ̀yìn sí òpó funfun gíga tó wà létí ojú ọ̀nà bàálù. Láì wẹ̀yìn, ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ wo àpò atẹ́gùn yẹn. Láti ìgbà tí a ti fà á sókè, ta ló fọwọ́ kàn án?"

Ẹnjiníà Adéwùnmí, tó ń darí iṣẹ́ pápákọ̀ náà, ti la ẹnu sílẹ̀. Ó ń wo òkè. Kọ́ńsítébù Dèjì, tó ṣọ́ ibẹ̀ mọ́jú, ń wo òkè. Àwọn bíríkìlà tó ń lẹ táìlì sí gbọ̀ngán tuntun náà ti gbé irin iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wo òkè.

"Ẹ ń wò ó, àbí? Ó wù yín."

Dèjì wúkọ́. "Ọ̀gá, ẹ yíjú."

Kòkúmọ́ yíjú. Òpó wà níbẹ̀. Okùn wà níbẹ̀. Ojú ọ̀run náà wà níbẹ̀, ó mọ́ roro, kò sí ohunkóhun tó dí i. Àpò atẹ́gùn ti lọ.

Aṣọ lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, ìlà pupa bí ọsàn pẹ̀lú funfun ló wà lára rẹ̀, òun ni ẹni tó ń wa bàálù sì máa ń wò kó tó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, òun ni olórí nǹkan láàárín Igbógílà àti Ayétòrò. Pápá kékeré tí àwọn ewúrẹ́ ti ń jẹko láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìjọba fẹ́ sọ di ibi tí bàálù Gánà àti ti Àbíjáǹ yóò máa balẹ̀ sí. Wọ́n ti na ojú ọ̀nà bàálù gùn, wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngán tí wọ́n á ti máa tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà. Bọ́dà ti tì, kò sẹ́ni tó lè gba Ìdí-Ìrókò kọjá bó ṣe wù ú mọ́, gbogbo ìlú sì ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀nà ilẹ̀ tì, òkè la ó gbà. Ó ku kí àwọn olùyẹ̀wò láti Àbújá wá wo ibẹ̀, kí wọ́n sọ pé ó tó. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

"Bí wọ́n bá bá òpó yìí níhòhò," ni Adéwùnmí wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "wọ́n á ní a ò tó, wọ́n á gbé iṣẹ́ yìí lọ sí ìpínlẹ̀ míì. Àpò gidi tí a rà ní Kútọnù ṣì wà ní àhámọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá ti ọ̀hún wá, ìrẹsì ni títí a ó fi fi hàn pé kì í ṣe ìrẹsì. Èyí tí télọ̀ yín rán nìkan la ní."

Fóònù Kòkúmọ́ dún. Dí-Pí-Ò ni, ọ̀gá rẹ̀ ní Ayétòrò.

"Kòkúmọ́, mo ti gbọ́. Mo ti ń múra láti kọ orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí Ìlaròó fún ìgbéga. Bí àwọn ará Àbújá bá dé tí nǹkan yẹn ò sí lókè, Ìlárá lo ń lọ. Inú igbó ni wàá máa sùn, wàá máa lúgọ de àwọn onífàyàwọ́."

Ìlaròó ni ọkàn Kòkúmọ́ wà. Ọláoyè, tí wọ́n jọ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kan náà, ti wà níbẹ̀, ó ní ọ́fíìsì, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì máa ń pe Kòkúmọ́ lórí fóònù kó lè gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún. Kòkúmọ́ ti lálàá ẹ̀rọ yẹn títí òtútù fi ń mú un lójú oorun.

Ó fi fóònù sápò. "Kí tíì mi tó tutù," ó wí, "olè yẹn á ti wà lọ́wọ́ mi."

Bíríkìlà kan nawọ́ bí ọmọ iléèwé. "Ọ̀gá, mo rí Cornelius ọlọ́kadà láàárọ̀ kùtù, lẹ́yìn ọgbà níbí. Ó di nǹkan pupa bí ọsàn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀."

"Pupa bí ọsàn?"

"Bí ọsàn tó pọ́n."

Wọ́n bá Cornelius ní oríta Igbógílà, ó ń fọ ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà. Ọmọ Ẹ̀gúà ni, ara rẹ̀ gùn, Faransé tó gbọ́ kò ju ti ìdúnàádúrà lọ.

Kòkúmọ́ ní ọgbọ́n kan tó máa ń lò. Kì í bi afurasí ní ìbéèrè. Ó máa ń dúró níwájú rẹ̀, á mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe, á wá ní òun ti mọ̀.

"Cornelius," ó mirí, "mo ti mọ gbogbo ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ti mọ̀, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo gbé e."

Kòkúmọ́ wo Dèjì. "Ṣé o rí i? Kọ́ ọ." Ó kọjú sí Cornelius. "Níbo ló wà?"

"Abẹ́ tapólì nìyí."

Tapólì náà pupa bí ọsàn lóòótọ́. Kòkúmọ́ fà á kúrò bí ẹni tó ń ṣí aṣọ lójú ìyàwó tuntun. Ìrẹsì ló wà níbẹ̀, àpò lé àpò, Faransé ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn.

"Kí lèyí?"

"Ìrẹsì ni. Ṣé kì í ṣe òun lẹ ní ẹ mọ̀?"

"Nǹkan tó wà lórí òpó bàálù ni mò ń wá."

Cornelius fọwọ́ lérí. "Háà. Mo ti jẹ́wọ́ lásán." Ó wo ìrẹsì rẹ̀, ó wo Kòkúmọ́, ó rí i pé kò sí bí òun ṣe lè kó ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́nu. Ó bá kúkú sọ èyí tó wà nínú rẹ̀. "Mo kórìíra nǹkan yẹn ṣá, ẹ lè gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, èmi ni bàálù ìlú yìí, mùsíyé. Èmi ni mò ń gbé wọn gba inú igbó. Ìyá kan jókòó sẹ́yìn mi lánàá, ó ní kí n rọra, ó ní bàálù tó ń bọ̀ kì í gbọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló ti ń sọ ọ́ o. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n kí n gun òpó? Èmi tí n kì í lè gun àkàbà?"

Wọ́n fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Dèjì wò ó títí tó fi lọ.

Kòkúmọ́ padà sídìí òpó, ó lé gbogbo ènìyàn sẹ́yìn, ó lóṣòó. Bí ó ti ń fọ́nnu tó, nígbà tí kò bá sẹ́ni tó ń wò ó, orí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó rí ni pé wọn kò gé okùn. Wọ́n tú u, wọ́n sọ àpò kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ àsíá kalẹ̀ níléèwé, wọ́n sì tún so okùn padà mọ́ ìdí òpó dáadáa. Olè wo ló ń ṣe ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀? Ohun kejì wà nínú koríko. Òwú ni, pupa bí ọsàn, ó wà ní gígékúrú gígékúrú, gbogbo rẹ̀ gùn dọ́gba. Ó gbé díẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́.

"Dèjì, bí o bá jí ṣòkòtò tó wà lórí okùn, ṣé wàá dúró níbẹ̀ kí o máa tú ojú rírán rẹ̀?"

"Rárá o, ọ̀gá. Màá sá ni."

"Ẹni yìí ò sá. Ó dúró, ó mú abẹ, ó ń tú rírán. Kì í ṣe olè ló wá síbí. Télọ̀ ni."

Orúkọ télọ̀ kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn: Hùmúàní, tó rán àpò náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà á sókè ni kò ti wú. Bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ tó, ńṣe ló máa ń rọ̀ sílẹ̀ bí ṣòkòtò tó tutù, àwọn bíríkìlà sì ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Tó bá jẹ́ pé ojú ló ń ti Hùmúàní, tí kò fẹ́ kí àwọn ará Àbújá rí i ńkọ́?

Ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wọn èjìká ọmọbìnrin kan.

"Hùmúàní," ó mirí, "mo ti mọ gbogbo ẹ̀."

"Kí lẹ mọ̀?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ jókòó. Ẹ má jókòó lórí léèsì yẹn."

Ọgbọ́n náà kò ṣiṣẹ́. Kòkúmọ́ gbé òwú jáde, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tẹ́ẹ̀pù bọ́ lọ́wọ́ Hùmúàní.

"Wọ́n jí i? Wọ́n jí iṣẹ́ mi?"

"Àbí ìwọ lo jí i? Kò wú. Ojú ń tì ọ́."

"Bàbá Àṣíáwù, ọmọ tí mo bí tí kò tètè rìn, ṣé màá lọ gbé e pamọ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀?" Omi ti dé ojú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé kò wú. Mo ká aṣọ sínú rẹ̀ púpọ̀ ni. Bó ṣe mọ́ mi lára nìyẹn. N kì í rán aṣọ fẹ́nikẹ́ni kí n má fi èyí tí wọ́n á tú sílẹ̀ bí ẹni náà bá sanra. Mo ti rán an tán kí n tó rántí pé àpò kì í sanra. Ẹ jẹ́ kí n wo òwú yẹn."

Ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka yí i. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí kì í dùn mọ́ ẹni tí wọ́n ń rín in sí.

"Ẹni yìí gé ojú rírán kẹta kẹta, ó wá fa ìyókù yọ. Ìdí nìyẹn tí òwú fi dọ́gba. Ìyá Ìbíyẹmí ló ń kọ́ ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí aṣọ má baà ya. Nínú gbogbo àwa tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwa méjì ló kù ní Igbógílà. Èmi nìyí."

"Ta ni ìkejì?"

Hùmúàní wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọkùnrin tó wọ agbádá ní ìdojúdé. "Ẹ béèrè nílé," ó wí, ó sì padà sórí èjìká tó ń wọ̀n.

Kòkúmọ́ jáde. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Dèjì wà lẹ́nu géètì mọ́jú. Ta ló ti gba ibẹ̀ wọlé? Ó wo Dèjì. Àbààwọ́n epo kan wà láyà aṣọ rẹ̀, ó ti rí i láti àárọ̀, ó tilẹ̀ fẹ́ bá a wí sí i.

"Dèjì, ta ló wọ pápákọ̀ láàárọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, ọ̀gá."

"Epo wo ló wà láyà rẹ?"

"Epo ẹ̀wà ni, ọ̀gá. Ti Màmá."

"Màmá wo?"

"Màmá tiwa. Ìyàwó yín. Wọ́n gbé oúnjẹ àárọ̀ wá fún wa, wọ́n ní kí a jókòó sẹ́yìn àtíbàbà kí oòrùn má pa wá, kí a fara balẹ̀ jẹun."

"O ní kò sẹ́nì kankan tó wọlé."

"Ẹ ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, ọ̀gá. Ṣé Màmá ni ẹnikẹ́ni?"

Kòkúmọ́ gbá orí ara rẹ̀ mú. "Nígbà tí ó ń lọ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan o. Kúlà oúnjẹ náà kàn wúwo díẹ̀ ni. Mo bá wọn gbé e rù."

Ilé ni wọ́n gbà lọ tààrà. Kòkúmọ́ fi Dèjì sí ìta, ó dá wọlé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mẹ̀dínátù, ìyàwó rẹ̀, jókòó tì í, aṣọ pupa bí ọsàn sì ṣàn láti orí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀," ó wí. "Ó ku ìlà kan."

"Mẹ̀dínátù, o jalè."

"Mo yá a ni."

"O gbé ohun ìní ìjọba sínú kúlà ẹ̀wà."

"Mo kọ́kọ́ nu kúlà."

"Kí ló dé? Kí ni mo ṣe ọ́?"

Ẹ̀rọ dúró. Mẹ̀dínátù yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Gbogbo ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi ló ń béèrè pé, ṣé mo ti rí ohun tí Hùmúàní rán sójú ọ̀run. Sójú ọ̀run, Bàbá Àṣíáwù. Èmi ń rán yúnífọ́ọ̀mù, òun ń ránṣọ fún ọ̀run. Nígbà tí ẹnjiníà ń wá télọ̀, ta ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?"

Kòkúmọ́ ń wo àjà.

"Mo ní ta ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ta lẹ dárúkọ?"

"Mi ò fẹ́ kí aráyé máa sọ pé ìyàwó mi ni mo gbé iṣẹ́ fún."

"Aráyé. Aráyé ló ń se ẹ̀wà tí àwọn ọmọ yín ń jẹ?" Ó fi ọwọ́ nu ìmú. "Gbogbo Igbógílà ló mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ ẹ rí kí ẹ tó fẹ́ mi."

"Mo kàn bá a ra súìtì lẹ́ẹ̀kan ni."

"Súìtì náà ló ti wá di òkè ọ̀run yìí. Mo mú abẹ lọ láàárọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo fẹ́ gé e ní ibi tó jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá dé, á fà ya níwájú àwọn ará Àbújá. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo rí inú rẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró. Ó ká aṣọ sínú, ó fẹ̀ tó ìbú ọwọ́, yíká gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé àpò náà máa lóyún. Báwo lèèyàn ṣe máa rí irú ìyẹn kó má tún un ṣe? Mo ní kí n fà á ya, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ wò ó." Ó gbé ojú rírán sókè. Ó tẹ́jú bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Ẹ wá mú mi. Àmọ́ tí ẹ bá mú mi, ta ló máa rán ìlà tó kù?"

Ìnspẹ́kítọ̀ Kòkúmọ́ wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo aṣọ. Ó rí igbó Ìlárá níwájú rẹ̀, ó rí ẹ̀rọ amúlétutù Ọláoyè. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì di ìdí àpò náà mú fún un kó lè rán an gún.

Wọ́n ti kírun tán nígbà tí Dèjì fa àpò atẹ́gùn sókè. Gbogbo Igbógílà ti dé. Àpò náà rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ọkàn Kòkúmọ́ sì rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Atẹ́gùn kan ti ọ̀nà Ẹ̀gúà wá. Ẹnu àpò là, ikùn rẹ̀ yọ, ó nà tantan lójú ọ̀run bí apá ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Àwọn èèyàn hó.

"Olè náà kò jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀," ni Kòkúmọ́ ń sọ fún Dí-Pí-Ò, "ṣùgbọ́n ó rí tèmi, ó ju ẹrù sílẹ̀." Dèjì wúkọ́. Dí-Pí-Ò gbá Kòkúmọ́ léjìká, ó ní àwọn ará Ìlaròó máa gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹnjiníà Adéwùnmí di ọwọ́ Hùmúàní mú, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. "Ọwọ́ tó rán an nìyí."

Hùmúàní wo òkè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó wo ojú rírán náà, ó ti mọ̀ pé kì í ṣe tòun mọ́. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí ibi tí Mẹ̀dínátù dúró sí láàárín èrò. Mẹ̀dínátù náà ń wò ó.

"Ọlọ́run ló ni ọpẹ́," ni Hùmúàní wí, ó sì kúnlẹ̀ gba ìyìn.

Mẹ̀dínátù ya ẹnu. Bí ó bá ní tòun ni, olè ni. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ọ̀run ti di ti Hùmúàní títí láé. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Hùmúàní," ló jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbẹ̀yìn, bí ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀mú yọ eyín fún.

"Ẹ ṣé, Ìyá Àṣíáwù. Ẹ máa yà lọ́dọ̀ mi, màá kọ́ yín."

Hùmúàní rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára rírán tó dáa ju tirẹ̀ lọ, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Ní ìdí géètì, Cornelius jókòó sórí ọ̀kadà tó ṣófo, ó ń wo àwọn méjèèjì, ó ń wo àpò, ó ń fi eyín jẹ ètè.

Ìgbà yẹn ni mọ́tò Àbújá wọlé. Obìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì adányinrin sọ̀ kalẹ̀, ó kí wọn, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó wo òkè.

"Ta ló rán ìyẹn?"

Gbogbo ọwọ́ ló nà sí Hùmúàní. Ọwọ́ Mẹ̀dínátù ló gbẹ̀yìn.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. Ó yíjú sí awakọ̀ rẹ̀. "Ní kí wọ́n bá wa sọ ọ́ kalẹ̀. Tiwa wà nínú búùtù, òun la máa ń fà sókè níbi gbogbo tí a bá dé."